Àwọn Tí Mo Rán Lọ Síbi Tí Èmi Ò Lè Dé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ọjọ́ ayé yín ṣe, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ kí àgbà sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Èmi rèé. Mi ò ní pẹ́ lórí owó oṣù, torí kò sí ohun tí mo lè sọ nípa rẹ̀ tó máa dùn létí. Mi ò sì ní pẹ́ lórí bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà: ara bébà ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di ẹ̀pà fún mi ní Ìjọrà ni mo ti ka ìpolówó rẹ̀. Mo jẹ ẹ̀pà tán, mo lọ, wọ́n gbà mí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń wá iṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn tó mọ́ ṣì ń wá a.

Iṣẹ́ mi kò ní orúkọ. Bí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà bá rí ọmọ Ajégúnlẹ̀ kan tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, tàbí tó ń fò bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ní àwọn á gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn á kọ́ ọ, àwọn á bọ́ ọ, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń mú ọmọ náà wá. Àwọn èèyàn rò pé ẹsẹ̀ tó yá tàbí apá tó le ti tó. Kò tó. Kó tó wọlé, àwọn kan wà lọ́hùn-ún tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n yẹ ìwé wò lọ, tí wọn kò sì bìkítà bó ṣe ń sáré tó. Kí lo kà ní ọdún kìíní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà? Kí lo gbà nínú ìṣirò? Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Sáyẹ́ǹsì ńkọ́? Ọjọ́ wo lo parí? Látìgbà tó o ti parí, kí lò ń ṣe? Ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá nìkan kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Kíláàsì dé kíláàsì ni wọ́n ń bèèrè. Iṣẹ́ tèmi ni kí ọmọ náà ní ìdáhùn, kí ìdáhùn náà sì jẹ́ òótọ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, torí bí mi ò bá sọ ọ́ níbí, ìyókù kò ní yé yín. Mo jowú gbogbo wọn. Mo ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì, onípò kejì, apá òkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé apá òkè yẹn. Ìyá mi kò gbàgbé rẹ̀ títí tó fi kú, ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó bá wá ra ata. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fèsì pé inú àwọn dùn láti gbà mí, kí n kàn wá bí màá ṣe gbọ́ bùkátà ara mi. Lẹ́yìn náà ni mo wá jókòó sí Àpápá, tí mò ń fi ọwọ́ ara mi ti àwọn ọmọ tó ń pe ewì ní "orin tí kò ní bíìtì" wọ inú bàálù. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Inú ń run mí fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀rín ni mo sì ń rín.

Obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ìyáàfin Adéòtí, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Mádàámú ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Yàrá kan ni wọ́n ní lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Àpápá, fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ibi tí àwọn tírélà ń tò sí, bí tírélà bá fọn fèrè, gbogbo wa á dákẹ́ títí yóò fi tán, Mádàámú nìkan ni kì í dákẹ́. Mo gbé ìwé ẹ̀rí mi nínú férémù lọ bá wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Férémù yìí dáa. Ibo lo ti rà á?"

Odidi ọdún kan ni wọn kò jẹ́ kí n kọ́ ẹnikẹ́ni. Fáìlì àwọn ọmọ ni mò ń kà.

"O ti kà á?"

"Mo ti kà á, mà."

"Kí ni ọmọ yìí gbà nínú ìṣirò ní ìsáà kejì, ọdún kẹta?"

Mo na ọwọ́ láti tún fáìlì náà ṣí.

"O ò tíì kà á. O kàn wò ó ni."

Bí wọ́n ṣe le tó nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n jókòó ṣe ìdánwò tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fún àwọn ọmọ náà, èmi ọmọ yunifásítì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Chúkà, tó ga débi pé ó ń tẹ orí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé. Bọ́ọ̀lù ajùsáwọ̀n ló ń gbá. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì nà án. Ó fi ìṣirò nà mí, nínà tó dùn ún wò. Mádàámú lẹ èsì àwa méjèèjì mọ́ ara ògiri, wọ́n sì fi í síbẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Bí mo bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n á ní, "Má yọnu. Àwọn tó o máa kọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Mo fẹ́ kí ojú rẹ kọ́kọ́ gbà á, kí inú rẹ tó gbà á." Ojú mi gbà á. Ti inú ni kò yá.

Ohun méjì ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́. Èkíní, kí n má fi ọwọ́ mi kọ ọ̀rọ̀ ọmọ kankan. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ kọ nípa ara rẹ̀, kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kódà bó bá rí játijàti. Ìkejì, pé ọdún ni wọ́n ń kà lọ́hùn-ún. "Níbí," wọ́n á ní, "bí o bá fìdí rẹmi, wàá tún ìdánwò jókòó sí. Ìjókòó méjì, ìjókòó mẹ́ta, ta ló ń bi ọ́? Lọ́hùn-ún, ọjọ́ tí ọmọ bá parí ilé-ẹ̀kọ́ ni aago rẹ̀ ti ń lọ. Ìwé tó bá ti tó, jẹ́ kó máa lọ. Má dá a dúró torí kó lè kun àtíkè sí máàkì."

Irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Lẹ́tà oní-sítám̀pù la fi bẹ̀rẹ̀. A máa ń kọ ọ́, a ó gbàgbé ohun tí a kọ, kí èsì tó dé. Lẹ́yìn náà ni fákìsì dé, èyí tó máa ń gbé ìwé jáde ní dúdú bí ẹni pé wọ́n ti yan án. Kafé kọ̀ǹpútà ló tẹ̀lé e, níbi tí àwọn gbájú-ẹ̀ ti máa ń jókòó ní ọ̀tún, àwa ní òsì, tí àwa méjèèjì ń kọ̀wé sí òyìnbó. Òótọ́ ni pé tiwọn ni wọ́n ń tètè fèsì sí. Ní báyìí, fóònù ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Kódà ẹ̀rọ kan ti dé tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀: ọmọ á ní kó bá òun kọ nípa ìgbésí ayé òun, yóò sì kọ ọ́. Mo ka mẹ́fà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Gbogbo àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ti kọ́ ìfaradà lọ́dọ̀ ìyá wọn àgbà. Mo mọ ìyá àgbà ọ̀kan nínú wọn. Màmá yẹn kò fara da nǹkan kan rí.

Nígbà tí Mádàámú darúgbó, wọ́n fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, mo gbé e wá sí Ajégúnlẹ̀, nítòsí àwọn ọmọ. Ibẹ̀ ni èmi àti Kóòṣì Rájí ti pàdé. Kóòṣì kò parí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Fèrè ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ọrùn ló sì ń fi í kọ́. Òun ló ń rí àwọn ọmọ ní pápá, ó ń kọ́ wọn, ó ń ya fídíò wọn ránṣẹ́, òyìnbó á rí i, òyìnbó á fẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa tó wá mi. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ń lọ, á dì mọ́ Kóòṣì, á sunkún sí i lára títí ẹ̀wù rẹ̀ á fi tutù. Á wá yíjú sí mi, á bọ̀ mí lọ́wọ́, á ní "Ẹ ṣé gan-an, sà," bí ẹni ń dágbére fún akọ̀wé báńkì. Láti ọ̀hún, bàtà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Kóòṣì. Ìbéèrè ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí èmi: "Sà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ìwé tí a ti mú ọ̀rọ̀?" Màá dáhùn. Màá dáhùn dáadáa. Lẹ́yìn náà ni màá wo bàtà Kóòṣì.

Àwọn òbí ni kí ẹ tiẹ̀ rí. Bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ wá, ó ní wòlíì ti rí ọmọ náà ní Amẹ́ríkà. Mo ní kí wòlíì bá wa wo máàkì rẹ̀ nínú bàọ́lọ́jì nígbà tó wà níbẹ̀. Àwọn aṣojú tún ń bẹ, àwọn tó ń gbowó láti bá òbí wá ilé-ẹ̀kọ́ lókè òkun, tí wọ́n ń wọ kóòtù nínú oòrùn Ajégúnlẹ̀, tí òógùn ń ro tótó lára wọn bí omi ẹ̀rọ. Mo fi gbogbo wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó máa ń rọrùn láti fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ bí ìwé ẹ̀rí rẹ bá wà nínú férémù.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí mo ṣe.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ebiere. Ẹ̀yà Ìjọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ dán ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí mo kọ́ lọ. Irin ló ń jù, irin róbótó tó wúwo yẹn tí wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ọrùn gbé kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan tì í jáde. Lórí yanrìn Marine Beach ló ti ń kọ́ ọ, àwọn apẹja a máa bú u pé ó ń dá ihò sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ àwọn. Bàbá rẹ̀ ń gbé ẹrù ní Lighter Terminal, èbúté ẹrù tó wà ní Kíríkirì. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan rí fídíò rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ. Mo wo fáìlì rẹ̀, mo kà á, mi ò kàn wò ó. Ìwé rẹ̀ tó. C ló gbà nínú ìṣirò, C sì tó.

Mo bá ka èyí tó kọ nípa ara rẹ̀. Ojú ìwé kan péré ni. Ó kọ nípa bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ ti ẹrù díẹ̀ kó tó gbé e, láti mọ̀ bóyá ẹ̀yìn ni kó fi gbé e tàbí kó pe ẹnìkejì. Ó ní òun náà máa ń fi ẹsẹ̀ ti nǹkan kí òun tó gbé e, títí kan ìbéèrè ìdánwò. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mú bírò pupa, mo ń wá ibi tí màá fi í gún. Mi ò rí.

Bó bá jẹ́ pé apá nìkan ló ní ni, ǹ bá dárí jì í. Àwọn tó ní apá, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń jowú wọn, èèyàn á ní, "Ó dáa, wọ́n lágbára, èmi ní ọpọlọ." Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ní èyí tí mo ń pè ní tèmi. Ó sì máa lọ.

Mo pe òun àti ìyá rẹ̀ àti Kóòṣì. Mo fi ìka kan C yẹn. "Èyí kò dùn mọ́ mi," ni mo wí. "Kó tún un jókòó sí. Ọdún kan péré."

Ìyá rẹ̀ mi orí. Ta ni kò tíì tún ìdánwò jókòó sí ní àdúgbò wa? Ó ní, "Tíṣà ló mọ̀ jù."

Kóòṣì ní, "Ẹ dúró ná, Tíṣà. Èmi ò kàwé o, àmọ́ àwọn òyìnbó yẹn ní ìwé ẹ̀ ti okay."

"Kóòṣì, ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò kọ́ yín níṣẹ́. Mò ń sọ pé mọ́tò ti dé, èrò ti wọlé, dẹrẹ́bà ń fọn fèrè. Kí lẹ tún ń dúró dè?"

"Mò ń dúró de B."

"B wo? C ọmọ yìí ń ju irin kọjá B ọmọ ẹlòmíì!"

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ebiere kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sà, ṣé dandan ni?"

Mo ní, "Bó o bá fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹ níbẹ̀."

Ó ní, "Ó dáa, sà." Ó dúró fún ọdún kan.

Ẹ ó bi mí pé ṣé mo gbàgbé ohun tí Mádàámú kọ́ mi nípa aago tó ń lọ ni. Mi ò gbàgbé. Mo ti kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi ń mọ nǹkan tí kò sì ní gbé e wá sí iwájú orí. Ó máa ń fi í sí ẹ̀yìn, bí ẹni fi ẹran pamọ́ fún ara rẹ̀ nígbà tí àlejò bá wà nílé. Mo wí fún ara mi pé olùkọ́ tó fẹ́ràn ọmọ ni mí, pé mo fẹ́ kó dára jù. Àṣejù ni, baba àṣetẹ́ sì ni àṣejù.

Ọmọ náà fi ọdún yẹn wá sí ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́. Kí apá rẹ̀ má bàa tutù, Kóòṣì mú un lọ ju irin fún ẹgbẹ́ kan ní ìdíje bíi mélòó kan. Ó tún ìdánwò náà ṣe, ó gba B. Inú mi dùn débi pé mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ márùn-ún nígbà tí ẹyọ kan tó. Mo fi ránṣẹ́.

Èsì dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní àwọn kò ní ka B náà, torí ẹ̀yìn ọjọ́ tó parí ilé-ẹ̀kọ́ ló gbà á. C àtijọ́ ni àwọn mọ̀. Wọ́n ní ọdún kan ti lọ, ọmọ náà sì ń díje nínú rẹ̀, ìyẹn sì lòdì sí òfin. Wọ́n ní kó ṣàlàyé ìdí tó fi dúró. Bó bá jẹ́ pé ó wù ú láti dúró ni, àwọn kò ní jẹ́ kó wọlé pẹ̀lú ẹ̀bùn tí wọ́n ṣèlérí fún un. Kóòṣì ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ̀wé tirẹ̀ pé òun kò lè di àyè náà mú kọjá oṣù tó ń bọ̀. Ọmọ mìíràn wà tó ń dúró dè é.

Bàbá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo Lighter Terminal. Ó wá bá mi lọ́sàn-án, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó. Pijin ló máa ń sọ. "Tíṣà, I no sabi book. Na you I give my pikin. Wetin we do wrong?"

Ẹ wo irú ìbéèrè yẹn. Ó ní àwa. Ó fi ara rẹ̀ kún un.

Mo ní, "Bàbá Ebiere, òyìnbó ló yí òfin padà."

Ó gbọn orí, ó ní, "Oyinbo!" Ó ṣépè fún wọn díẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún gbogbo wàhálà mi, ó lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa irọ́ kékeré, àmọ́ mi ò tíì gba ọpẹ́ fún ọ̀kan rí.

Lọ́jọ́ kejì, Ebiere mú ìwé wá, àlàyé tó fẹ́ fi ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Èmi ni mo pinnu láti dúró, nítorí mo fẹ́ gba máàkì tó dára sí i." Ó fẹ́ bo àṣírí mi. Kò sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo mọ̀. Ó sì mọ̀ pé mo mọ̀. Bó bá fi í ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí: ó wù ú, ó dúró, wọn kò ní gbà á.

Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ kan. Mo wọ mọ́tò lọ sí Àpápá, mo gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mádàámú kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Mo ka lẹ́tà tí mo ti kọ sí àwọn tó ń yẹ ìwé wò sí wọn létí. Ó gùn. Ó lẹ́wà. Ó kún fún "àṣìyé kan wáyé" àti "ìmọ̀ràn tí a gbà nígbà náà".

"Ta ló ṣìyé?"

"Mà, gbogbo wa ni…"

"Ta ló gbà á nímọ̀ràn?"

Tírélà kan fọn fèrè. Wọn kò dákẹ́ fún un. "Gbádébọ̀, kí ló dé tí o fi dá ọmọ yẹn dúró?"

Mo sọ fún wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀: férémù, bàtà Kóòṣì, ojú ìwé kan tí bírò pupa mi kò rí ibi gún. Mo retí kí wọ́n bú mi. Wọ́n ní, "Kọ ìyẹn."

"Mà, bí mo bá kọ ìyẹn, wọn kò ní gba ìwé ọmọ kankan tó bá ní orúkọ mi lára mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni wọ́n wí. "Kọ ọ́ kí ilẹ̀ má tíì ṣú, ojú mi kì í gba ìmọ́lẹ̀ iná."

Gbólóhùn mẹ́rin ni mo kọ. Mo ní ìwé ọmọ náà ti tó ní ọdún tó kọjá. Mo ní mo mọ òfin náà. Mo ní èmi ni mo pa á láṣẹ kó dúró, òun bi mí bóyá dandan ni, mo sì ní dandan ni. Mo ní mo jowú rẹ̀. Mo buwọ́ lù ú, mo sì fi í ránṣẹ́ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn kí ọkàn mi tó yí padà. Nígbà tí mo padà sí Ajégúnlẹ̀, ọ̀nà Kíríkirì ni mo kọ́kọ́ yà sí. Mo sọ fún bàbá rẹ̀ lójú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ẹrù. Kò bú mi. Ó ní, "So no be oyinbo," ó sì yí padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó gbá mi létí ni, ìbá yá mi lára.

Ibi tí iṣẹ́ mi ti parí nìyẹn. Wọ́n kọ̀wé sí mi pé àwọn dúpẹ́ fún òtítọ́ mi, àti pé àwọn kò ní gba ìwé láti ọwọ́ mi mọ́. Ìfẹ̀yìntì mi nìyẹn. Kò sí ẹni tó fún mi ní aago ògiri. Bí ẹ bá ń bèèrè bóyá kí ẹ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ ṣe é, iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè fi ọwọ́ yín gbé ẹlòmíràn kọjá yín, kí ẹ sì padà sílé lọ jẹun kí oúnjẹ náà dùn. Bí kò bá ní dùn, ẹ lọ ta símẹ́ńtì. Símẹ́ńtì kì í lọ sí Amẹ́ríkà.

Ìpinnu lórí ọ̀rọ̀ ọmọ náà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí mi nítorí lẹ́tà mi. Wọ́n gbà á. Ó máa jókòó fún ọdún kìíní láìdíje, kó kàn máa kàwé, lẹ́yìn náà kó máa ju irin rẹ̀ lọ. Mo dìde. Mo mọ̀ pé Marine Beach ló máa wà lásìkò yẹn. Mo sáré. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi àgbà yìí sáré, torí mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ló ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré, kí Kóòṣì tó dé.

Nígbà tí mo débẹ̀, Kóòṣì ti ń jó lórí yanrìn. Wọ́n ti pè é lórí fóònù láti ọ̀hún.

"Tíṣà!" ló ń pariwo. "Wọ́n ti gbà á o! Àmọ́ ọdún kan láìju irin, ṣé wọ́n fẹ́ pa ọmọ náà ni?"

Ebiere kò jó. Ó rìn wá bá mi, yanrìn ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

"Kú orí ire," ni mo wí.

"Wọ́n fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí èmi náà," ló wí. "Mo ti kà á."

Mo ní, "Mo tọrọ àforíjì."

Kò ní kò sí wàhálà, kò ní kí n má ṣe ìyọnu, gbogbo ohun tí àwọn ọmọ wa máa ń sọ fún àgbà kó lè sùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé irin rẹ̀ nínú yanrìn, ó fi ìṣẹ́tí ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, ó sì nà án sí mi.

"Ẹ bá mi gbé e délé, sà."

Kóòṣì dáwọ́ ijó dúró. Ọmọ kì í fi ẹrù lé àgbà lọ́wọ́ ní ilẹ̀ wa. Mo na ọwọ́, mo gbà á. Ọwọ́ mi wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo tètè fi ìkejì kún un. Láti Marine Beach dé Ajégúnlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà bí èèyàn kò bá gbé nǹkan kan. Ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, kò yára, kò sì dúró dè mí. Àwọn èèyàn ń wò wá. Mo gbé e sí èjìká, mo gbé e sí ikùn, mo gbé e padà sí èjìká.

Nígbà tí a fẹ́ kọjá títì, ó ní, "Ṣé ó wúwo, sà?"

"Kò wúwo."

"Irọ́ lẹ ń pa."

Mo ní òótọ́ ni, irọ́ ni mò ń pa. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ kò gbà á lọ́wọ́ mi.